Nọ́ńbà Tí Mo Lò Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi àti àwọn ọmọ ilé wa máa ń fi ẹnà bá ara wa sọ̀rọ̀ lójú àwọn àgbà. A ó ti sílébù kan bọ àárín ọ̀rọ̀, kò sì ní yé ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ìgbàgbọ́ tí mo gbé wọ kíláàsì ìmọ̀ ìfọ̀rọ̀pamọ́ ní yunifásítì nìyẹn: pé bí ọgbọ́n tí a fi pa ọ̀rọ̀ mọ́ kò bá ti lu síta, ọ̀rọ̀ náà wà láìséwu.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni olùkọ́ wa ti wó ìgbàgbọ́ náà. Wọ́n ní láti 1883 ni Auguste Kerckhoffs ti kọ ọ́ pé ètò ìpamọ́ gbọ́dọ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá láìsí ewu, níwọ̀n ìgbà tí kọ́kọ́rọ́, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí a fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ tí a sì fi ń tú u, kò bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ẹnà wa kò lè yege ìdánwò yìí, nítorí bí ọmọ kan péré bá ti tú àṣírí rẹ̀, ó parí. AES, ètò ìpamọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò, ní tirẹ̀, gbangba ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù méjì, Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ló ṣe é, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì gbìyànjú láti fọ́ ọ kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i ní 2001. Mo fẹ́ràn àṣà yìí gan-an.

Ṣùgbọ́n báwo ni ẹni méjì tí kò pàdé rí yóò ṣe ní kọ́kọ́rọ́ kan náà, nígbà tí ẹlòmíràn ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ? Whitfield Diffie àti Martin Hellman dáhùn ìbéèrè yìí ní 1976, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ni olùkọ́ sì pè síwájú láti ṣe é. Wọ́n kọ 23 àti 5 sójú pátákó. Mo fi 3 sínú, mo ṣe 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5, ó di 125. Mo fi 23 pín in, ó ṣẹ́ku 10, mo sì kọ 10 sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fi 7 sínú tirẹ̀, ó ṣe bákan náà, ó kọ 17. Mo mú 17 rẹ̀, mo fi 3 mi ṣiṣẹ́ lé e lórí: 17 lọ́nà 17 lọ́nà 17, mo fi 23 pín in, mo mú èyí tó ṣẹ́ kù. Òun náà mú 10 mi, ó fi 7 rẹ̀ ṣe é. Àwa méjèèjì bọ́ sí 14, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò fẹnu pè. Ara mi bù máṣọ.

Yàrá kọ̀ǹpútà ni ẹ̀kọ́ náà ti wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ní kí a fi AES pa lẹ́tà méjì mọ́ ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CTR. Kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nonce, ni a fi ń pèsè ọ̀wọ́ bíìtì gígùn, ìyẹn òdo àti ení tí kọ̀ǹpútà ń lò, tí a ó fi XOR lò mọ́ lẹ́tà náà. XOR jẹ́ ìṣirò kan lórí bíìtì: bí a bá fi ọ̀wọ́ kan náà ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀wọ́ náà á pa ara rẹ̀ rẹ́. Lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan, a kò gbọdọ̀ lo nonce kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ òfin náà lórí, ṣùgbọ́n ìlà tó ń pààrọ̀ nonce wà níta lúùpù, ìyẹn apá tó ń tún ara rẹ̀ ṣe fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nínú kóòdù mi, n kò sì rí i.

Mo kó fáìlì méjèèjì fún ọ̀rẹ́ mi. Ó fi XOR pa wọ́n pọ̀, ọ̀wọ́ bíìtì tó bò wọ́n sì pa ara rẹ̀ rẹ́, ó wá ku lẹ́tà mi méjì tó wé mọ́ ara wọn. Ó mọ̀ pé Yorùbá kì í kọ lẹ́tà láìkí ènìyàn, ó sì dán “E kaaro sa” wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, nítorí a kò fi àmì sí i. “Mama mi ow” yọ jáde láti inú èkejì. Ó fi “on” parí rẹ̀, ìyẹn sì fa álífábẹ́ẹ̀tì méjì míì jáde nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Báyìí ló ṣe ka gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mi. Ní Berlin, ní oṣù Kejìlá 2010, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan fi hàn nínú ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà tí Sony fi ń jẹ́rìí sí ètò orí ẹ̀rọ géèmù rẹ̀, PlayStation 3: nọ́ńbà tó yẹ kó máa yí padà dúró sójú kan, kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sì tibẹ̀ jáde.

Mo gbé ìlà kan ṣoṣo wọ inú lúùpù, mo sì tún kó fáìlì méjì fún ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ ti ṣú kí ó tó dá wọn padà. Ó ní òun ti dán gbogbo ìkíni tí òun mọ̀ wò, àti ti òwúrọ̀ àti ti alẹ́, kò sì sí ọ̀kan tó mú ọ̀rọ̀ jáde.