Pachinko àtijọ́ yìí fẹ́ẹ̀ pa mí

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń bá pachinko kan fà á (ẹ̀rọ eré Jàpáánì tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù irin sínú ẹ̀ kó lè wọ ihò), iléeṣẹ́ Nishijin ló ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń kó wá sí Amẹ́ríkà láti Jàpáánì láàárín 1970 sí 1979. Bọ́ọ̀lù irin ẹ̀ (mìlímítà 11 péré) ti dípẹtà, mo rẹ wọ́n sínú fínígà mọ́jú, wọ́n ń dán báyìí. Àmọ́ tí bọ́ọ̀lù bá wọ ihò, agogo á dún, ẹ̀bùn (ìyẹn bọ́ọ̀lù mìíràn) ò ní jáde! Mo tú ẹ̀yìn ẹ̀, àṣé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti da ọ́ìlì sí i, eruku wá lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀bà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ́ìlì sí i o, ìwúwo bọ́ọ̀lù tó wọ ihò ló ń ṣí ibi tí ẹ̀bùn ti ń jáde. Ìṣó idẹ iwájú ẹ̀ ńkọ́? Mi ò fọwọ́ kàn án, tó bá tẹ̀ díẹ̀, bọ́ọ̀lù á ṣìnà. Lánàá ni bọ́ọ̀lù 15 ya wálẹ̀ wàrà, ìyàwó mi ní ṣé yìnyín ló ń bọ́ ni.