Malbec méjì, ilé méjì

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ní kí n mú wáìnì kan ṣoṣo, Malbec ni mo máa nawọ́ sí kíá. Ọmọ Faransé ni èso àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe é o, agbègbè Cahors níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ọdún 1853 ni Michel Pouget, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Faransé, kó o lọ sí Ajẹntínà, àfi bíi pé ilẹ̀ Mendoza, agbègbè kan níbẹ̀, ti ń dúró dè é! Ọ̀pọ̀ oko ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 1,000 ga ju òkun lọ, oòrùn á mú lọ́sàn-án, òtútù á dé lóru, omi yìnyín tó ń yọ́ látorí òkè Andes ni wọ́n sì fi ń bomi rin ín torí òjò ò pọ̀.

Ti Mendoza lèmi fẹ́ràn jù. Sátidé tó kọjá mo da díẹ̀ sí gíláàsì, etí ẹ̀ ń dán bí aṣọ àlùkò, mo fi àsun tì í, há, ó bá ọ̀rá ẹran yẹn mu gan-an.

Ti Cahors le díẹ̀, ó dúdú, ó máa ń fa ahọ́n bí orógbó. Ẹ ṣí i sílẹ̀ fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó mu ún, ẹ̀ẹ́ rí i pé á rọ̀.