Ẹ Má Tíì Pa Ajá Yẹn

Láàárọ̀ yìí, bí a ṣe ń ka àkọsílẹ̀ àwọn tí ajá gé jẹ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde: wọ́n ti pa ajá náà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá lè há a mọ́ láìfọwọ́ kàn án, ẹ há a mọ́. Bí ara rẹ̀ bá ṣì dá títí ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó géni jẹ. Inú ọpọlọ ni àyẹ̀wò ti ń rí àrùn yìí; bí ẹ bá ti fi igi fọ́ orí ajá, kí la fẹ́ yẹ̀ wò?

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 10 yẹn. Ẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú 15 gbáko, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ata tàbí irun ajá sí i. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọjọ́ 0 (ìyẹn ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́), 3, 7 àti 14. Bí ọgbẹ́ bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tún béèrè immunoglobulin, èròjà agbógun-ti-àrùn tí wọ́n ń gún sójú ọgbẹ́ gan-an.

Ọ̀pọ̀ máa ń ṣíwọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì torí pé ọgbẹ́ ti jiná. Àrùn náà lè ṣì wà lójú ọ̀nà tó ń lọ sí ọpọlọ.