Èmi ti dé, inú mi ń bọ̀ lẹ́yìn

Ọjọ́rú, ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ọmọ tó ti àjò dé kì í sọ pé òun ti yó. N kò mọ ẹni tó ṣòfin náà, ṣùgbọ́n gbogbo ará ilé wa ló ń pa á mọ́. Láti ìgbà tí mo ti Kánò wálé fún ọdún Kérésìmesì ni wọ́n ti ń fi abọ́ dán mi wò, bóyá mo ṣì jẹ́ ọmọ ilé. Iyán tí Màámi gbé síwájú mi lálẹ́ àná tóbi tó orí ọmọ ọdún méjì.

Iyán náà dára o, n kò ní purọ́. Iṣu oṣù Kejìlá kì í ṣe ẹgbẹ́ iṣu tuntun ìgbà òjò. Iṣu tuntun lómi nínú, ó sì máa ń ta kókó lódó. Èyí ti gbó kí wọ́n tó wà á, ó sì ti sinmi díẹ̀ nínú àká. Àwọn àbúrò mi ló gún un, Màámi dúró tì wọ́n, wọ́n ń ta omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dẹ̀ wí. Ó kúnná, ó fà, kò sí kókó kankan nínú rẹ̀.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí oní-ìsápá ni wọ́n fi gbé e. Ẹni tí kì í ṣe ará apá ọ̀dọ̀ wa lè má mọ ìsápá lọ́bẹ̀. Èèpo òdòdó ìsápá funfun ni, ó kan gan-an. Wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á fún omi kíkan rẹ̀ dà nù, kí wọ́n tó dà á sínú ẹ̀gúsí. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ ni ọkàn mi lọ sí Kánò, torí ìsápá kan náà yìí, èyí tó pupa, ni wọ́n ń sè níbẹ̀ pẹ̀lú atalẹ̀ àti kànáfùrù, tí wọ́n ń mu ní tútù, tí wọ́n ń pè ní sóbò. Èkìtì ń fi í jẹyán, Kánò ń mu ún. Mo sọ ọ́ fún Màámi.

"Ìsápá tí wọ́n da ṣúgà sí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Mo jẹ iyán náà dé ìdajì, mo ní mo ti yó. Ariwo ta. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀: "Wọ́n ti fi túwó ba ikùn ọmọ yìí jẹ́." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì tún bu òkèlè kan sí i kí àlàáfíà lè wà.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kánò, àlejò ni mí, àlejò sì ní àǹfààní kan: kò sẹ́ni tó retí pé kó mọ nǹkan kan. Mo lè béèrè ohunkóhun. Hàjíyà tí ilé wọn kọjú sí tiwa ló mú mi wọ ilé ìdáná wọn, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé kan hàn mí. Kúkà ni wọ́n pè é. Ewé igi oṣè ni, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, bó bá sì wọnú omi ọbẹ̀, á máa yọ̀. Wọ́n tú dàddáwà jáde nínú ọ̀rá, imú mi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Irú ni! Wọ́n kàn mọ tiwọn ní róbótó ni, ó sì gbẹ. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti fojú àjèjì wo oúnjẹ wọn mọ́.

Fúrà dà nónò ló pẹ́ kí inú mi tó gbà. Gero, ọkà oníhóró kéékèèké kan, ni wọ́n fi ń ṣe fúrà. Wọ́n á gún un, wọ́n á mọ ọ́n, wọ́n á sè é, wọ́n á tún gún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọ́ ọ sínú wàrà kíkan. Níbẹ̀rẹ̀, inú mi máa ń kùn títí di alẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní ilẹ̀ wa ni wàrà kì í bá lára mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó ti kan máa ń rọrùn fún inú ju èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lọ. Mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, bí oòrùn oṣù Kẹrin bá ti ń jó àtàrí, fúrà ni ọ̀fun mi ń béèrè.

Ó tún béèrè rẹ̀ lọ́sàn-án òní, ní Ìkọ̀lé! Ẹmu ni wọ́n gbé fún mi. Àárọ̀ ni adẹ́mu gbé e sọ̀kalẹ̀, nígbà tó ṣì dùn tó ń hó. Ṣùgbọ́n ẹmu kì í dúró deni: ìwúkàrà inú rẹ̀ ń sọ adùn di ọtí láti ìgbà tó ti ń kán sínú agbè, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, ó ti le. Àdúgbò tí wọn kì í ti í mutí ni mò ń gbé ní Kánò, torí náà ife kan péré ti tó láti mú mi wá ibi jókòó.

Mo kọ ife kejì. Ní Kánò, bí mo bá ní nǹkan kan kò bá mi lára mu, "tò" ni wọ́n á wí, wọ́n á gbé òmíràn wá. Nílé, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ṣé ó ti gba ẹ̀sìn mìíràn ni? Ṣé inú ń bí i sí wa ni? Ṣé obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń dáná fún un? (Kò sí o, Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀.) Lójú tèmi, ìdí tí bíbọ̀ fi le ju lílọ nìyẹn. Wọ́n fún àlejò láyè kó kọ́. Wọ́n gbà pé ọmọ onílé ti mọ̀ ọ́n tán.

Ọ̀nà ti ń kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀ ṣá. Kóséì, èyíinì àkàrà, ni mo jẹ kí ọkọ̀ tó gbéra ní Kánò, nígbà tí a sì fi Lókójà sílẹ̀ tí a dé Kàbbà, olóúnjẹ ti ń kígbe iyán. Láti Ọ̀mùò wọlé, kò sẹ́ni tó tún bá mi sọ Haúsá mọ́.

Àárọ̀ yìí ni Màámi tú báàgì mi, wọ́n rí kúkà tí mo gbé bọ̀, wọ́n ní kí ni èyí. Kí n tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti tọ́ ọ wò. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìlọrin nígbà ọ̀dọ́ wọn.

"Lúrú mà nìyí! Ta ló gbé lúrú wá?" Lúrú ni wọ́n ń pe kúkà ní Ìlọrin.

Àwọn tí wọ́n ní túwó ba ikùn mi jẹ́ ló wá ní kí n sè é lọ́la, kí n má ṣahun ata. Màámi gbà, àmọ́ iyán ni a óò fi jẹ ẹ́, wọn kò fẹ́ gbúròó túwó nínú ilé wọn. Mo ti ra irú pẹ̀tẹ̀ lọ́jà. Ó ku ẹran gbígbẹ.