Máàsìkì Ni Ẹ Kọ́kọ́ Kọ́, Kì í Ṣe Búrọ́ọ̀ṣì

Láàárín àwa tí a ń kọ́ bí a ṣe ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní Abẹ́òkúta, ìbéèrè tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé búrọ́ọ̀ṣì wo ni ó ń mú kí ojú dán. Ìbéèrè náà yé mi, nítorí ojú dídán ni oníbàárà ń wò kí ó tó sanwó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Pánṣẹ́kẹ́, ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ó bá mọ búrọ́ọ̀ṣì lò ṣùgbọ́n tí kò mọ lẹ́yà (ìpele àwòrán tí a ń tò lé ara wọn lórí) àti máàsìkì (ohun tí ó ń bo apá kan lẹ́yà), iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé dá padà: ohun tí ó bá ti pa rẹ́ ti lọ nìyẹn, bí oníbàárà bá sì ní òun kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àfi kí ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, jáde ní ọdún 1990, láti ọwọ́ Thomas Knoll àti àbúrò rẹ̀ John, kò sí lẹ́yà nínú rẹ̀ rárá. Ojú kan ṣoṣo ni àwòrán ní. Bí ènìyàn bá lẹ nǹkan mọ́ ọn, tí ó sì ti gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, ohun tí ó lẹ̀ ti di ara àwòrán. Ẹ̀dà 3.0 tí ó jáde ní 1994 ni ó mú lẹ́yà dé. Lẹ́yà kọ̀ọ̀kan dá dúró, a sì lè tò wọ́n lé ara wọn lórí, kí ibi tí ti òkè bá ti ṣófo jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ hàn. Nígbà tí ó di 1996, ẹ̀dà 4.0 tún mú irú lẹ́yà mìíràn wá tí kò gbé àwòrán kankan dání, àṣẹ nìkan ni ó gbé: ó lè ní kí gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, tàbí kí àwọ̀ wọn pọ́n sí i, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára wọn ní tòótọ́. Òfin ṣọ́ọ̀bù wa ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan lẹ́yà ìsàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ó ti inú kámẹ́rà wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ yóò tẹ Ctrl pẹ̀lú J láti mú ẹ̀dà rẹ̀ jáde, tàbí kí ó ṣí lẹ́yà òfìfo lé e lórí.

Máàsìkì ni ó ń sọ ibi tí lẹ́yà yóò ti hàn àti ibi tí kò ní hàn. Ọmọ Abẹ́òkúta tí ó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn aláàdìrẹ ní Ìtòkú kò ní pẹ́ lóye rẹ̀, nítorí ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ gan-an ni dúdú ń ṣe lára máàsìkì. Wọn a fi ìyẹ́ adìẹ, tàbí páànù tí wọ́n ti gé iṣẹ́ ọnà sí lára, fi ẹ̀kọ láfún sí aṣọ. Bí wọ́n bá wá ri aṣọ náà bọ aró, ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní gba aró, ibi tí kò sí yóò gbà á, ibi tí ẹ̀kọ sì ti fẹ́lẹ́ yóò gba díẹ̀, yóò sì di búlúù tí ó ṣá. Bákan náà, ibi tí a bá kun dúdú lára máàsìkì kò ní gba lẹ́yà tuntun, ibi funfun yóò gbà á tán, àwọ̀ eérú yóò sì gbà á níwọ̀n. Nínú fáìlì tí ó wọ́pọ̀, ìwọ̀n yìí jẹ́ 256, láti 0 tí ó dúdú pátápátá títí dé 255 tí ó funfun. Ibi tí máàsìkì ti ju ẹ̀kọ lọ ni pé a lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí aṣọ ti jáde nínú aró. Bọ́tìnnì X ń gbé dúdú àti funfun síra wọn nípò, nítorí náà bí ọwọ́ bá ṣì, a ó tẹ X, a ó sì kùn ún padà. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Eraser, èyí tí ó ń pa àwòrán rẹ́ pátápátá, kò lè ṣe èyí, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá kò fi fẹ́ rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá ya fọ́tò ìyàwó ní ẹsẹ̀ Olúmọ ní ọ̀sán gangan, ojú ọ̀run á funfun báláú, òjìji gèlè á sì bo iwájú orí àti ojú rẹ̀. Bí a bá mú gbogbo fọ́tò náà mọ́lẹ̀, ojú ọ̀run á bàjẹ́ sí i. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó ṣí lẹ́yà Curves, ọ̀kan nínú àwọn lẹ́yà tí ó gbé àṣẹ nìkan, a ó gbé ìmọ́lẹ̀ sókè títí ojú yóò fi hàn dáadáa, láìka bí ìyókù ṣe rí sí, lẹ́yìn náà a ó tẹ Ctrl pẹ̀lú I kí máàsìkì rẹ̀ di dúdú, ìmọ́lẹ̀ náà yóò sì pòórá. Nígbà náà ni a ó mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, èyí tí etí rẹ̀ ń ṣá díẹ̀díẹ̀, a ó dín Flow rẹ̀, ìyẹn bí ọ̀dà ṣe ń jáde lára rẹ̀ tó, kù sí bíi 10 nínú ọgọ́rùn-ún, a ó sì máa kùn ún sórí ibi tí òjìji wà ní àkùntúnkùn. Ẹni tí kò ní sùúrù á gbé Flow sí 100, ojú ìyàwó á sì dà bí ẹni pé wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Mo ti rí irú rẹ̀ lára pátákó ìkíni-kú-oríire ju bí ó ti yẹ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni búrọ́ọ̀ṣì àtúnṣe kàn. Clone Stamp ni ó dàgbà jù nínú wọn: a ó di Alt mú, a ó tẹ ibi tí a fẹ́ ṣe àdàkọ rẹ̀, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn bí ó ṣe rí gẹ́lẹ́. Healing Brush, tí ó dé pẹ̀lú ẹ̀dà 7.0 ní 2002, gbọ́n díẹ̀ sí i, nítorí bí awọ ara ṣe rí lójú nìkan ni ó ń mú láti ibi àdàkọ, ibi tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni ó ti ń gba àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀. Èyí dára fún irorẹ́ tí ó wà láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bí irorẹ́ náà bá sún mọ́ etí gèlè, búrọ́ọ̀ṣì yìí á fa àwọ̀ gèlè wọ inú awọ ara, á sì di rádaràda. Níbẹ̀, Clone Stamp ni kí ẹ lò. Yálà ẹ lo èyí tàbí tọ̀hún, orí lẹ́yà òfìfo ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ sì yan Current & Below níbi tí ó bá ti béèrè ibi tí yóò ti mú àdàkọ.

Spot Healing Brush, tí ó tẹ̀ lé e ní 2005, kò tilẹ̀ béèrè ibi àdàkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń wá a. Ó yára, ṣùgbọ́n kò mọ ilà ojú yàtọ̀ sí ọgbẹ́. Obìnrin kan gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ wá fún káàdì ọjọ́ìbí, ó sì sọ fún ọ̀gá pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa mú kí ojú Màámá jọ̀lọ̀, kí ẹ sì yọ ilà yẹn.” Ọ̀gá ní, “Ẹ jẹ́ kí á bi Màámá fúnra wọn.” Wọ́n pè wọ́n lórí fóònù. Màámá ní, “Bí ẹ bá yọ ilà mi, ta wá ni ẹ ń ṣe ọjọ́ìbí fún?” Ohun tí ó lè kúrò lójú ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí irorẹ́, eruku pọ́dà tàbí ibi tí ẹ̀fọn jẹ, ni à ń pa rẹ́; ilà àti àmì ìbí kò sí nínú rẹ̀. Èrò tèmi náà nìyẹn, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ayàwòrán mìíràn ní ìlú yìí á ní oníbàárà ni ó ni owó, ohun tí ó bá ní kí á ṣe ni kí á ṣe. Ní ti Màámá, èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Mo dín híhunjọ abẹ́ ojú kù lórí lẹ́yà kan, mo fi dúdú kun ilà lára máàsìkì rẹ̀ kí ohunkóhun má baà kàn án, mo sì fa Opacity lẹ́yà náà, ìyẹn bí ó ṣe hàn tó, wálẹ̀ sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ọjọ́ orí má baà pòórá lójú wọn. Nígbà tí ọmọ wọn ní kí á tún dín híhunjọ náà kù díẹ̀ sí i, mo fà á lọ sí 55, ó sì parí.

Ẹni tí kò ní owó Photoshop lè lo GIMP, tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, Spencer Kimball àti Peter Mattis, gbé jáde ní 1996. Ọ̀fẹ́ ni, ó ní lẹ́yà, ó ní máàsìkì, ó sì ní Heal àti Clone. Orí rẹ̀ ni mo ti ń ṣe ìdánrawò nílé. Nínú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má ṣe fi JPEG, irú fáìlì fọ́tò tí ó wọ́pọ̀, nìkan pamọ́, nítorí JPEG ń lẹ gbogbo lẹ́yà pọ̀ di ọ̀kan. Irú fáìlì tí ó ń pa lẹ́yà mọ́ ni kí ẹ lò: PSD ni ti Photoshop, XCF ni ti GIMP. Ẹ fún lẹ́yà kọ̀ọ̀kan lórúkọ tí yóò yé yín bí ẹ bá tún ṣí i lẹ́yìn ọdún kan, kí ẹ sì máa tẹ Ctrl pẹ̀lú S lóòrèkóòrè, pàápàá bí bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká yín kò bá dára, nítorí iná kì í dágbére kí ó tó lọ.