2024 ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi ò tíì gbé

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ ọdún tí mo gbà ti lọ tán, ó ku bùbá kámpálà kan ṣoṣo tí ẹni tó ni ín ò tíì wá san báláǹsì, maṣíìnì ti dákẹ́, ni mo bá ní kí n jókòó kọ ti ọdún yìí sílẹ̀ kí ìṣọ́ òru tó dé.

Oṣù kẹsàn-án 2019 ni rọpárọsẹ̀ kọ lu ọkọ mi. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ láàárọ̀, mo gbọ́ tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣubú, mo pè é, kò dáhùn. Láti ọdún yẹn, gbogbo alẹ́ 31 Dìsẹ́ńbà ni mo máa ń kọ ọ́ sórí pépà pé Olúwa, lọ́dún tó ń bọ̀ yìí kí ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ gbé, kí ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu ẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà. Inú Bíbélì mi ni mò ń kó wọn sí. Mo tò wọ́n síta láàárọ̀ yìí, pépà márùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára gbogbo wọn.

Ọwọ́ yẹn ò tíì gbé. Ẹsẹ̀ ti ń gbé díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé iwájú ilé, kò rí bẹ́ẹ̀ ní 2022, mo dúpẹ́.

Ti owó, gbogbo wa la jọ wà nínú ẹ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 2023, lítà kan tí mò ń rà sínú jẹn kò tó 200 náírà, nígbà tó fi máa di October ọdún yìí ó ti lé ní 1,000. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, káàdì kan kan ni mò ń rà báyìí, páálí ti kọjá agbára mi. Ní July ó ku ẹyọ méjì péré, mo gbàdúrà sùn, ilẹ̀ mọ́, kọ́sítọ́mà kan tó jẹ mí lówó látọjọ́ pípẹ́ fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́. Ní August mo gba irú àdúrà yẹn, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan ránṣẹ́, aṣọ òkè ìgbéyàwó mi ni mo tà. Ọlọ́run kan náà ni July àti August, mo fẹ́ kọ méjèèjì sílẹ̀.

March ló le jù. Arábìnrin kan wò mí lójú, ó ní kí n lọ yẹ ara mi wò, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan ló wà nílẹ̀. Mo sunkún délé, mi ò sì gbàdúrà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, àwọn ọmọ ló ń dá àdúrà òwúrọ̀ ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wà ní kíṣìnì tí àbíkẹ́yìn wa dá orin, ni mo bá gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń gbè é. Ọkọ mi ni. Ẹni tí kò lè béèrè omi, tó jẹ́ pé ó máa ń na ìka sí i ni, ó ń kọrin, ọ̀rọ̀ orin náà ń yọ gaara. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ń ṣe fisió fún un ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, pé ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọpọlọ yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀ ẹnu, ó ní ká máa fi orin kọ́ ọ lọ́rọ̀. Àtìgbà yẹn la ti ń kọ gbogbo nǹkan lórin, omi, oúnjẹ, orúkọ àwọn ọmọ. Mo sì padà sídìí àdúrà.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ti rí tiẹ̀ gbà nìkan là ń gbé máíkì fún, ó sì ń dùn mí, torí àwa tí à ń dúró náà ní ohun tá a fẹ́ sọ. Ábúráhámù, ẹni 75 ọdún ni nígbà tó kúrò ní Háránì, ó pé 100 kí wọ́n tó bí Ísáákì. Ní Abẹ́òkúta tí mò ń gbé yìí náà, ẹ rántí ìyá Àjàyí Crowther. 1821 ni wọ́n kó ọmọ yẹn lẹ́rú ní Òṣoògùn, 1846 ló tó fojú kan ìyá ẹ̀ níbí, wọ́n di ara wọn mú, ọ̀rọ̀ ò yọ lẹ́nu wọn. Ọdún 25 lọ́tùn-ún, 25 lósì. Èmi máa ń ro àwọn ọdún tó wà láàárín yẹn ni. Ní 1827 ọmọ ti wọ ilé ìwé Fourah Bay ní Sàró, ìyá ò gbọ́, lójú tiẹ̀ ọmọ ti lọ nìyẹn. Ìyá ò tíì mọ Ọlọ́run tó ń bá a tọ́jú ọmọ, ẹ̀yìn tí wọ́n pàdé ló tó ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà.

Pépà kẹfà ti wà níwájú mi. Mo bi ọkọ mi pé kí la máa kọ sí i. Ó ronú, ó pẹ́, ẹnu ẹ̀ ń gbìyànjú, ló bá fi orin sọ ọ́, ó ní, “Ti tẹ́lẹ̀.”

Mo ti kọ ọ́.