Aṣọ Ìnuwọ́ Nínú Àpò: Ohun Tí Mo Rí Ní Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Tokyo

Tokyo ni mo ti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìtagbangba tó mọ́ jù lọ láyé mi. Ní ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Yoyogi Fukamachi, ní Shibuya, ayàwòrán ilé Shigeru Ban kọ́ ọ̀kan tó jẹ́ pé dígí aláwọ̀ ni ògiri rẹ̀: ẹni tó wà níta lè wo inú rẹ̀ bóyá ó mọ́ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n bó bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra, dígí náà yóò ṣú, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. (Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọkàn mi tó balẹ̀.)

Ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ ojú irin tí mo yà sí, omi wà, ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí bébà ìnuwọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́. Mo ń gbọn ọwọ́ bí adìẹ tí òjò pa, nígbà tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àtàgbà àtọmọ ilé ìwé, ń fa aṣọ ìnuwọ́ pélébé yọ nínú àpò, tí wọ́n nu ọwọ́, tí wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Japan yìí náà ni Mitsubishi Electric ti gbé Jet Towel jáde ní 1993, ẹ̀rọ tí a ń ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ kí atẹ́gùn líle lè gbá omi dànù. Nígbà àrùn Kòrónà ní 2020, wọ́n pa púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè máa fọ́n kòkòrò àrùn káàkiri. Oṣù kẹrin 2021 ni Keidanren, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ibẹ̀, tó yọ ìkálọ́wọ́kò lílo ẹ̀rọ náà kúrò nínú ìlànà rẹ̀. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Leeds ní 2014 sọ pé kòkòrò àìfojúrí inú afẹ́fẹ́ níbi tí ẹ̀rọ alátẹ́gùn líle wà tó ìlọ́po 27 ti ibi tí wọ́n ti lo bébà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe bébà ìnuwọ́ ló sanwó ìwádìí ọ̀hún, nítorí náà mo fi ìṣọ́ra gbà á.

Èyí tí kò ní àríyànjiyàn ni pé ọwọ́ tútù máa ń kó kòkòrò ran nǹkan ju ọwọ́ gbígbẹ lọ. Ohun tí mo rí sí aṣọ àpò nìyẹn: bó bá ti rin láti àárọ̀, tó ká jọ sínú àpò, kò yàtọ̀ sí ọwọ́ tútù mọ́. Mo ra mélòó kan ní ìsọ̀ ọlọ́gọ́rùn-ún yẹ́ẹ̀nì (owó ilẹ̀ Japan), mo sì ń pààrọ̀ wọn lọ́sàn-án. Níbi tí bébà bá wà, bébà ni mo ń lò.